Òdú Kì í Ṣe Àìmọ̀ Olóko: Ìtàn Òdòdó láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, tiwa sì ni ìtìjú náà.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, àwa mẹ́fà tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà dá owó jọ láti fi òdòdó ṣe iwájú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́ṣọ̀ọ́. Ìkòròdú ni mẹ́ta nínú wa ti wá, Ẹ̀pẹ́ ni ti àwọn mẹ́ta yòókù. A lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, a ra ìkòkò rósì méjìlá, pupa mẹ́fà, funfun mẹ́fà. A gbẹ́lẹ̀, a da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, a ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí àkọ́kọ́ tanná, a ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni tó bí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni òjò oṣù kẹfà dé. Àmì dúdú dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ewé, ewé ń pọ́n, ewé ń já. Kí oṣù kẹjọ tó parí, igi gbígbẹ méjì ló ṣẹ́kù nínú méjìlá.

Nínú oṣù kẹwàá, a wá láti fa èyí tó kú tu. Màmá tó máa ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn náà dúró, wọ́n gbára lé ìgbálẹ̀ wọn, wọ́n ń wò wá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń wá òdòdó kiri, òdòdó sì ń já lé yín lórí."

A gbójú sókè. Igi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Orí rẹ̀ pupa yòò bí ẹyin iná, òdòdó rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ọdún mẹ́ta la ti ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. A ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe igi yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òrúrù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé wa wọ inú ìtàn. A fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tí àwa ọmọ etí ọ̀sà fi mọ rósì lórúkọ, tí a kò sì mọ òrúrù.

Nǹkan kan ni a kọ́kọ́ rántí. Ìlú tí mẹ́ta nínú wa ti wá, ewé ló fún un lórúkọ. Ìtàn tí àwọn àgbà Ìkòròdú máa ń sọ ni pé Oko Òdú ni wọ́n ń pe ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí òdú tó pọ̀ níbẹ̀, kí ẹnu tó yí i sí Ìkòròdú. Òdú yìí náà ni ẹ̀fọ́ tí a ń sè jẹ. Ewé rẹ̀ ṣú, òdòdó rẹ̀ funfun kéékèèké bí ìràwọ̀, èso rẹ̀ a sì dúdú bó bá pọ́n. Àwọn baba wa ní òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Oko Òdú, mélòó nínú wa ló lè wọ inú igbó kó já òdú bọ̀, tí kò ní já ewé mìíràn?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí rósì tó dójú tì wá. Kò sí rósì kankan tó hù fúnra rẹ̀ nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Etiópíà, níbi tí òkè ti ga tí atẹ́gùn sì tutù, ní ọ̀kan tirẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rosa abyssinica. Àwọn rósì tí Kẹ́ńyà ń fi bàálù kó lọ sí Yúróòpù, ẹ̀gbẹ́ adágún Naivasha ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, ibẹ̀ sì ga ju ojú òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,800 mítà. Lórílẹ̀-èdè tiwa, Jọs ni òtútù wà fún un. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Etí omi la wà. Ooru kì í lọ, ewé kì í gbẹ nígbà òjò. Àmì dúdú tó pa rósì wa, àrùn ẹ̀bu ni. Ibi tí ewé bá ti ń tutù fún wákàtí púpọ̀ ló ti máa ń gbèrú. A gbin aláìmọwẹ̀ sétí omi, a wá ń béèrè ohun tó pa á.

Rósì tí a ń pè ní ti òyìnbó pàápàá, arìnrìn-àjò ni. Títí di ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀pọ̀ rósì Yúróòpù kì í tanná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ìgbà tí wọ́n kó rósì ilẹ̀ Ṣáínà dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n sì fi ṣe akọ àti abo pẹ̀lú tiwọn, ni wọ́n tó ní irú èyí tó ń tanná léraléra. Ohun mìíràn tún yà wá lẹ́nu. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá jáde lódidi ní 1884, ibi tí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dárúkọ rósì Ṣárónì nínú Orin Sólómọ́nì, ìtànná ni àwọn atúmọ̀ tiwa fi sí i. Wọn kò ya rósì lò. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó máa kà á kò rí rósì rí, ó sì ti mọ ìtànná.

Báwo wá ni òrúrù ṣe wọ inú ìwé? Ní 1786, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Ambroise Palisot de Beauvois dé etíkun wa. Ó gbé ní ilẹ̀ Wàrí àti Bìní fún ìwọ̀n ọdún díẹ̀, ó ń ká ewé, ó ń ká òdòdó, ó ń sá wọn gbẹ. Nígbà tó padà sílé, ó ṣe ìwé ńlá kan lórí ewéko Wàrí àti Bìní, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Paris ní 1804. Inú ìwé náà ni òrúrù ti gba orúkọ tí gbogbo àgbáyé ń pè é: Spathodea campanulata. Inú ìwé yẹn kan náà ni akòko wà. Akòko yìí tí a fi ń joyè, tí kò sí ọba tàbí ìjòyè tó gorí oyè láìjẹ́ pé wọ́n fi ewé rẹ̀ lé e lórí, tirẹ̀ náà ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó rẹwà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọwé Paris ń yẹ àwòrán òrúrù àti akòko wò, baba ńlá wa ń jókòó lábẹ́ wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó kọ orúkọ sílẹ̀ ni ayé gbà pé ó mọ igi.

Láti ìgbà náà ni òrúrù ti rìnrìn àjò dé Íńdíà, dé Hawaii, dé àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Wọ́n gbìn ín sí ọgbà, sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí ẹwà rẹ̀. A ó padà sórí ohun tó ṣe níbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ bá wa ká lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí 1851 ń parí lọ, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ Èkó. Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ọdún Kayokayo tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe títí dòní, ìrántí dídé wọn ni. Ní 28 oṣù kẹsàn-án 1854, Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú kọ́ńsùlù Benjamin Campbell: òun kò ní bá wọn du Èkó mọ́, wọn yóò sì jẹ́ kí òun máa ṣòwò ní Palma. Ní 1861 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá, ní 1862 Kòsọ́kọ́ padà wálé. Ìjà orí oyè ni a máa ń kà nínú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa, òwò ni: epo pupa, èkùrọ́, àti ẹni tí yóò máa gba owó orí wọn létí ọ̀sà.

Owó epo yìí náà ló bí ọgbà tí a ń wá. Láàárín ọdún 1880 sí 1890, iye tí wọ́n ń ra epo àti èkùrọ́ ní Yúróòpù já wálẹ̀. Nígbà tí Èkó ya kúrò lára Gold Coast ní 1886, Alfred Moloney di gómìnà. Ẹni tó fẹ́ràn ewéko ni. Ní 1887 ó tẹ ìwé kan jáde nípa igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti ohun tí a lè tà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1887 yẹn kan náà ni ó dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́tà, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. James McNair ni alábòójútó àkọ́kọ́. Henry Millen, ẹni tí wọ́n kọ́ ní Kew, gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́ o. Kọfí, kòkó, òwú, igi rọ́bà ni wọ́n ń gbìn, kí wọ́n lè pín irúgbìn wọn fún àgbẹ̀, kí ọkọ̀ òkun lè ní ẹrù. Kì í sì ṣe pé àwọn èèyàn wa ń dúró de òyìnbó. Ní nǹkan bí 1880, J. P. L. Davies ti gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọ́n, lẹ́bàá Agége. Davies yìí náà wà nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá ka ìtàn Èkó pẹ́, yóò rí i pé àwọn èèyàn kan náà ló máa ń tún pàdé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà tún ń ká ewé àti òdòdó igbó wa, wọ́n ń sá wọn, wọ́n ń kó wọn ránṣẹ́ sí Kew. Igi ọ̀mọ̀ tí àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ ìlù lára rẹ̀, Cordia millenii ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, nítorí Millen. Ọmọ ilẹ̀ wa kan, T. B. Dawodu, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí. Nínú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń mọ ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ léraléra lẹ́yìn orúkọ Èkó: Dawodu, àti nọ́ńbà ewé tó ká. Inú wa dùn nígbà tí a rí i. Ó dùn wá pẹ̀lú, nítorí a ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa gómìnà tó pọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún wa rí.

Ìtàn rọ́bà ló fi hàn wá jù lọ ohun tí ojú tí wọ́n fi ń wo igi nígbà náà lè ṣe. Igi ìrẹ́ wà nínú igbó Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i ní 1894 pé oje rẹ̀ ń di rọ́bà, gbogbo ayé ya wọ inú igbó. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó kọjá lọ sókè òkun wúwo ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lọ. Wọ́n ń sá igi náà lọ́gbẹ́ láti ìdí dé orí, wọn kò jẹ́ kó sinmi. Láàárín ọdún mélòó kan, igi ti kú, òwò náà sì rọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya igbó sọ́tọ̀. Igbó ọba Olókèméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, wà lára àwọn àkọ́kọ́, ní 1899.

Láàárín gbogbo èyí, ẹ má gbàgbé Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù karùn-ún 1892, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó gba Ìmagbọ̀n lọ ja Ìjẹ̀bú Òde. Ìjọba kan náà tó ń tọ́ irúgbìn kọfí ní apá kan ọ̀sà ló ń sọ ìbọn àti àgbá kalẹ̀ ní apá kejì. Àti irúgbìn, àti ìbọn, ọ̀nà òwò kan náà ni wọ́n ń là.

A pinnu láti lọ wo ibi tí ọgbà náà wà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò, a sọ̀ kalẹ̀ ní Èbúté Erò, a gba afárá Carter kọjá sí Ìdó, ó di Èbúté-Mẹ́tà. A bi àwọn tó ń tajà ní Ọyíńgbò, a bi awakọ̀, a bi àwọn àgbà tó jókòó níwájú ilé. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ reluwé fẹ̀yìn tì fi àga fún wa, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán pẹ̀lú sùúrù, wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tí mo mọ̀ níbí, irin ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá sọ pé òdòdó ló ṣáájú irin, mi ò ní jiyàn."

Kò yẹ kí wọ́n jiyàn lóòótọ́. Ní 1901, reluwé ti dé Ìbàdàn, Èbúté-Mẹ́tà sì di ìlú reluwé, ilé kún un, òpó kún un. Iṣẹ́ ewéko ṣí lọ sókè, sí Olókèméjì àti sí Moor Plantation n'Ìbàdàn. Ẹ wá fi wé Aburi ní Gánà. Wọ́n dá ọgbà tiwọn sílẹ̀ ní 1890, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti Èbúté-Mẹ́tà, fún iṣẹ́ kan náà: irúgbìn kòkó, rọ́bà, kọfí. Aburi ṣì wà. Èèyàn ṣì ń sanwó wọlé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lọ, àwọn tọkọtaya tuntun ń lọ yà fọ́tò lábẹ́ igi. Orí òkè ló wà, Accra kò gbé e mì. Tiwa wà lójú ọ̀nà ibi tí Èkó fẹ́ gbà dàgbà, Èkó sì gbé e mì. A kò lè sọ pé kí reluwé má wá. Ohun tó dùn wá ni pé nígbà tí ọgbà lọ, ìrántí rẹ̀ bá a lọ.

Nígbà tí à ń padà sí Ìkòròdú nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ wa dúró sójú omi. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti fa ewé wọnú. Awakọ̀ yọ ewé kúrò, ó ń bú u, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a wá rí i pé òdòdó ló yí wa ká lọ títí: òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tó rẹwà débi pé ọ̀kan nínú wa ti nawọ́ láti já a. Water hyacinth ni.

Ìtàn òdòdó yìí yẹ kí gbogbo ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú mọ̀. Omi odò Amasọ́nì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ọgbà rí tí wọ́n fi ń gbé e kiri ayé, wọ́n ń fi í sínú adágún ọgbà. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí, ó ti ń dá ọkọ̀ dúró lórí odò St. Johns ní Florida, débi pé ní 1899 ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin gbé iṣẹ́ yíyọ rẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́. Ní 1984 ó gba ojú omi láti Bẹ̀nẹ̀ wọ Àgbádárìgì. Láti ibẹ̀ ó dé ọ̀sà Èkó, ó dé Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí àwọn apẹja mọ̀ nípa rẹ̀, ìmọ̀ ni. Nígbà òjò, odò Ògùn ń da omi dídùn sínú ọ̀sà lápá Ìkòròdú, odò Ọ̀ṣun náà ń da tirẹ̀ lápá Ẹ̀pẹ́. Hyacinth fẹ́ omi dídùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò rọlẹ̀, omi iyọ̀ láti inú òkun a padà wọ ọ̀sà Èkó, hyacinth a sì kú. Ṣùgbọ́n apá Ẹ̀pẹ́ jìnnà sí ẹnu òkun, iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Bàbá ọ̀kan nínú wa, apẹja ni wọ́n l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ oṣù tí kò yẹ kí èèyàn na àwọ̀n, torí òdòdó ni yóò fà bọ̀. Ibi tí ó bá bò mọ́lẹ̀, òṣíbàtà tiwa, òdòdó funfun tó máa ń là lóru tó sì máa ń padé bí oòrùn bá ga, kì í rí ibi yọ orí mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó bínú sí hyacinth, ẹ jẹ́ ká padà sórí òrúrù. Ní Hawaii, ní Fíjì, ní àwọn erékùṣù Pàsífíìkì mìíràn, igi wa tó rẹwà yìí ti di ọ̀tá àgbẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé irúgbìn rẹ̀, ó ń hù síbi tí wọn kò gbìn ín sí, ó ń gba oko lọ́wọ́ onílé. Àjọ IUCN kà á mọ́ 100 ohun abẹ̀mí àjèjì tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ jù láyé. Hyacinth wà lórí ìwé kan náà. Igi tó jẹ́ ọmọ rere nílé, tí kòkòrò àti ẹyẹ ilé mọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé, ló di ọmọ burúkú lẹ́yìn odi. Nítorí náà kì í ṣe pé òdòdó òyìnbó burú, tiwa dára. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé kí a béèrè ilé igi kí a tó gbìn ín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Lẹ́yìn èyí, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń tanná lágbègbè wa sílẹ̀. Àwọn ìyá wa àti ìyá ìyá wa ni olùkọ́ wa. Nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, pónpólà a gbọn ewé rẹ̀ dànù, òdòdó pupa nìkan a kù lórí igi. Àràbà náà a tanná, òwú rẹ̀ a wá máa fò kiri. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, panṣẹ́kẹ́ a gbaná jẹ láti oṣù kẹrin lọ dé oṣù kẹfà. Àlejò láti Madagascar ni òun náà, ṣùgbọ́n àlejò tó gba orúkọ Yorùbá, tí àdúgbò kan n'Ábẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó sì mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Láàárín òjò, òṣíbàtà a wà lójú omi tó bá ráyè. Bí òjò àrọ̀kúrò bá ń lọ sílé, òrúrù a dé. Akòko ní tirẹ̀, a máa tanná nígbà tó bá wù ú, bí ìjòyè. Òdú oko náà ń tanná jẹ́jẹ́ nígbàkigbà tó bá rí òjò.

Ẹ rí i pé kò sí oṣù tí a kò ní òdòdó. A ní ọgbà tí àkókò ń yí ojú rẹ̀ padà, tí kò ní géètì, tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó wọlé. Ohun tí a kò ní ni ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí báyìí rèé. Nínú oṣù kìíní, a dé ilé ẹ̀kọ́, a rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí òrúrù náà lára. Wọ́n fẹ́ gé e kí wọ́n lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí. A kò lérí pé igi ṣe pàtàkì ju èèyàn lọ, a sì mọ̀ pé ọkọ̀ ti pọ̀ jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a wo ilẹ̀ náà, a fi okùn wọ̀n ọ́n, a rí i pé ibi ìgbọ́kọ̀sí lè yí gba ẹ̀yìn, kí igi dúró. A ya àwòrán rẹ̀. A kọ lẹ́tà, akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní igba fọwọ́ sí i. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, a fi ìtàn Èbúté-Mẹ́tà sí i ní ìpínrọ̀ kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọgbà máa ń lọ nígbà tí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé ọgbà ni. Wọn kò tíì dá wa lóhùn.

Ibi tí rósì kú sí, a ti ri ọ̀pá akòko mẹ́wàá sí i. Ọ̀pá lásán la gé, a ri í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀. Mẹ́jọ ti yọ ewé. A kọ orúkọ sí pátákó kékeré níwájú wọn, a tún kọ́ ọ̀kan síbi òrúrù. Màmá fẹ̀yìn tì ní oṣù tó kọjá. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n wá wo pátákó òrúrù, wọ́n ní kí a kà á fún àwọn. A kà á. Wọ́n ní, "Ó dára. Ẹni tó bá fẹ́ gé e báyìí, yóò kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀."

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá délé fún ìsinmi, ẹ bi ìyá yín àgbà ní orúkọ òdòdó kan tó wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan péré. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó padà.